Mo Rò Pé Obìnrin Ni Ning

Ìyá ọkọ mi ti gbàdúrà fún Ning bí ẹni ń gbàdúrà fún arábìnrin, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ọkùnrin ni. Orí fóònù ni, ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí òtútù mú débi pé inú búláńkẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣe àmín. Màmá ní kí Ọlọ́run bá òun san oore fún ọmọbìnrin Ṣáínà tó fẹ́ gba ìyàwó ọmọ òun sílé. Ó ní tí kò bá tíì lọ́kọ, kí Ọlọ́run fún un ní ọkọ rere. Tó bá sì ti ní, kí Ọlọ́run ṣí i nínú. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Plumstead ni mo wà nígbà náà, lọ́dọ̀ Mummy Tóyìn, ọmọ ìjọ wa kan tó ti pẹ́ ní London. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé láti Ìbàdàn, ó sì fún mi ní yàrá ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ padà wálé, mo ní láti wá ibòmíràn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ fún mi ní nọ́mbà, ó ní yàrá kan ṣófo ní Thamesmead North, pé ẹni tó wà nínú ilé náà kì í pariwo, ó sì mọ́ tónítóní. Mo fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Èsì tó wá tutù, ó fi àwòrán òdòdó kékeré kan sí ìparí rẹ̀, ó kọ Ning sábẹ́ rẹ̀. Kì í pariwo, ó mọ́ tónítóní, ó ń fi òdòdó sí tẹ́ẹ̀sì. Mo kà á sí obìnrin, mi ò sì tún bi ara mi léèrè mọ́.

Fẹ́mi ọkọ mi àti Ìtùnú ọmọ wa, tó ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún, ṣì wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ Màmá. Àdéhùn wa ni pé kí n ríbi fìdí mọ́lẹ̀ sí, kí wọ́n sì tẹ̀lé mi.

Ọ̀sán Sátidé ni mo kó ẹrù mi dé ilé náà. Ọkùnrin kan tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó wọ awò ojú, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wo òpópónà bí ẹni ń retí ẹnì kan. Ó bi mí bóyá èmi ni ìyàwó rẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó ta ni?"

Ó pe orúkọ mi. Orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí, ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Òun náà ti rò pé ọkùnrin Nàìjíríà kan ló ń bọ̀, ó ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ni orúkọ náà. Ó ní òun ni Ning. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Atẹ́gùn odò tó wà nítòsí ń gbá mi lẹ́yìn, ọwọ́ mi ti kú sórí ọwọ́ àpótí. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí mi ò bá fẹ́ wọlé mọ́, òun ò ní bínú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ Mummy Tóyìn ti já ẹrù rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn. Mo wọlé.

Mo pe ọkọ mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

"Ọkùnrin ni," mo wí.

"Ta ni ọkùnrin?"

"Ning. Ẹni tí a jọ máa gbélé."

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò wa ń dún lẹ́yìn rẹ̀. 

"Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ò mọ̀?"

"Daddy Ìtùnú, mi ò mọ̀. Orúkọ náà kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin."

"Orúkọ wo ni kì í sọ?"

"Fẹ́mi ńkọ́? Fẹ́mi mélòó la jọ kàwé tó jẹ́ obìnrin?"

Ó pa fóònù.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èyí tí wọ́n bá wò nílé tiwa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òbí ni, ẹkún tí wọ́n sun, ayọ̀ tó dé bá wọn. Wọn kì í wo irú aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀. Nígbà tí mo wà nílé, mi ò rí ìgbà kan tí orúkọ mi dá wàhálà sílẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dé London, tí àwọn tó ń pín iṣẹ́ fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Mister lórí fóònù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé. Lọ́jọ́ kan, bàbá òyìnbó kan tí mo fẹ́ lọ wẹ̀ fún wò mí láti ojú fèrèsé, ó kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin ni wọ́n sọ fún un pé ó ń bọ̀, ojú sì ń tì í kí obìnrin wẹ òun. Mo dúró sínú òjò, mò ń sọ orúkọ mi gba ihò lẹ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á gbọ́. Tíṣà ni mí nílé. Kí n tó dé kíláàsì ni àwọn ọmọ ti máa ń dìde. Mo bojú wẹ̀yìn ní òpópónà náà, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí pé èmi ni mò ń jẹ́ orúkọ mi.

Nínú ilé, èmi àti Ning ń yẹra fún ara wa bí ẹni ń yẹra fún iná. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mi pa, màá sì tún gbé àga tì í. Òun náà, kó tó wọ kíṣìnnì, yóò kọ́kọ́ wúkọ́ lójú ọ̀nà, bí àwọn bàbá wa àtijọ́ ṣe ń wúkọ́ kí wọ́n tó yọ sí àgbàlá àwọn obìnrin. Bí mo bá wà níbẹ̀, yóò padà. Bí ó bá wà níbẹ̀, èmi náà á padà, ebi á sì máa pa mí nínú yàrá títí ó fi máa parí.

Fẹ́mi kì í pè mí mọ́ láìjẹ́ fídíò. Á ní kí n fi yàrá han òun. Á ní kí n fi ilẹ̀kùn han òun, kí n yí kọ́kọ́rọ́ lójú òun. Tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á béèrè ta ló ń rìn. Ìgbà mìíràn màá máa gbọ́ ohùn Ìtùnú tó ń bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ bá Mummy sọ̀rọ̀, kò sì ní gbé fóònù fún un títí tí yóò fi wo gbogbo ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò tán. Mi ò bá a jà. Mo mọ̀ ọ́n lọ́kọ, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń gbé nínú ilé ìyá rẹ̀, ó ń di irun ọmọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bi í lójoojúmọ́ pé ìyàwó rẹ̀ dà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di pé mo gbọ́ fóònù tó ń dún, màá kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn bóyá mo ti tì í, kí n tó rántí pé ará ilé mi ló ń pè.

Ìrọ̀lẹ́ kan, èmi àti Ning jọ bá ara wa ní kíṣìnnì, kò sì sẹ́ni tó padà nínú wa. Ó ti rẹ àwa méjèèjì. Mo pe orúkọ rẹ̀ láti bi í bóyá ó ti lo síńkì tán. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é níbi iṣẹ́ náà nìyẹn, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé awò ojú. Wọ́n máa ń tẹ ohùn náà rì, tí yóò fi dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹrẹ̀ ní èdè tòun. Ó ní ohùn náà kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀, òkè ni kó gùn. Ó pè é fún mi.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ń sọ pé "yìí" ló ṣe dún. Mo ní, "Nìíng."

Ó gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ìlú yìí, àfi àwọn ará Ṣáínà bíi tòun ló ń pe orúkọ òun bí ìyá òun ṣe ń pè é. Mo sọ fún un pé èdè tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Mo pe igbá fún un, mo pe igba, mo pe ìgbà, ó sì ń tẹ̀ lé mi bí ọmọ ilé ìwé mi. Ó pẹ́ tí mo ti kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó ti ìka bọ omi, ó fi kọ orúkọ náà sórí tábìlì bí àwọn àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́. Ó fi òrùlé hàn mí lókè. Lábẹ́ òrùlé ni ọkàn wà. Lábẹ́ ọkàn ni àwo oúnjẹ. Lábẹ́ àwo ni nǹkan kan tó dúró bí ẹsẹ̀ tábìlì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀, ibi tó pa rọ́rọ́. Mo bi í bóyá orúkọ ọkùnrin ni. Ó ní kì í ṣe tọkùnrin, kì í ṣe tobìnrin. Nìíng méjì ló wà ní kíláàsì òun, òun àti ọmọbìnrin kan, Nìíng Ńlá àti Nìíng Kékeré ni tíṣà wọn ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ọ̀rọ̀ bí òdòdó, àwọn ènìyàn á fura pé obìnrin ni. Bó bá dá dúró, àfi kéèyàn rí ojú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Omi náà gbẹ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀.

Ilé, ọkàn àti oúnjẹ. Mo padà sí yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ibi tí mò ń sùn sí, mo sì ní oúnjẹ. Ìbàdàn ni ọkàn mi wà ní tèmi, lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, ẹni tó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ kò gbà mí gbọ́.

Ọjà Woolwich ni ọ̀rọ̀ náà ti bú gbàmù. Mo lọ ra iṣu lọ́jọ́ Sátidé, mo fà á dé ẹnu ọ̀nà Woolwich Arsenal Station, mo sì bá Ning pàdé níbẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó gba àpò iṣu náà lọ́wọ́ mi, a jọ lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Bí mo ti gbójú sókè, Mummy Tóyìn ni mo rí lódìkejì títì. Mo juwọ́ sí i. Òun náà juwọ́, ó sì ń wo àpò náà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò bú ẹ o, ọmọ mi," ó ní. "Ojú ayé ni mò ń wí. Abilékọ ni ẹ́. O ò lè máa bá ọkùnrin gbélé, kó tún máa bá ẹ ru iṣu kiri Woolwich."

"Mummy, kò sí nǹkan kan láàárín wa."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ lọ máa ṣàlàyé fún?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi obìnrin ní Abẹ́òkúta. Mi ò mọ ẹni tó gbé e dé ibẹ̀, mi ò sì béèrè. Fẹ́mi pè mí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní bí oṣù yìí bá parí tí mo bá ṣì wà nínú ilé náà, kí n má retí Ìtùnú. Abẹ́òkúta ni yóò máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, ibẹ̀ ni yóò ti lọ sí ilé ìwé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo rántí pé mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù, lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Ó ní, "Dìde. Wá yàrá mìíràn."

Mo wá a. Àwọn kan kò fẹ́ ẹni tí ọmọ ń bọ̀ wá bá, àwọn kan ti fún ẹlòmíràn kí n tó dé. Nígbà tó yá, mo rí obìnrin kan ní Abbey Wood tó gbà kí n wá pín yàrá rẹ̀. Kò sí bí ọmọ àti ọkọ ṣe lè bá mi gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ni. Mo fojú ara mi rí i kó tó dá mi lójú. Mo sọ fún Ning pé mo ń lọ ní Sátidé. Ó ní ó dára. Kò béèrè ìdí, ṣùgbọ́n mo rò pé ó mọ̀, torí ó ti ń gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ara ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò yẹ kó tíì dé. Àwọn àpótí mi tí mo ti dì sílẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sí kíṣìnnì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ìkòkò wà lórí ààrò, kò sì tan iná sí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bàbá òun àgbà kú láàárọ̀, wọn yóò sì ti sin ín kí òun tó lè délé. Ó ń sunkún láìdún, omi ń ro sórí awò ojú rẹ̀, kò sì bọ́ ọ.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn nílé tirẹ̀. Mo ṣe bí a ṣe ń ṣe é nílé tiwa. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ní pẹ̀lẹ́, mo tún ní pẹ̀lẹ́.

Fóònù mi dún. Fídíò. Fẹ́mi.

Mo wò ó bó ṣe ń dún. Gbogbo ohun tí Fẹ́mi ti ń wá láti oṣù wọ̀nyí ló wà níwájú mi yìí, èmi àti ọkùnrin náà nídìí tábìlì kan. Bí mi ò bá gbé e, ọ̀rọ̀ ni. Bí mo bá gbé e, ọ̀rọ̀ ni. Mo lè sáré wọ yàrá. Mo wo Ning, ó ti gbórí lé ọwọ́. Mo gbé fóònù náà níbi tí mo jókòó sí.

"Níbo lo wà?"

"Kíṣìnnì."

"Ta lò ń wò yẹn?"

Mo yí fóònù sí i. Mo rí ẹnu ọkọ mi tó là láti sọ̀rọ̀. Ó rí omijé lójú Ning.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Bàbá rẹ̀ àgbà ló kú láàárọ̀ yìí."

Fẹ́mi sún mọ́ fóònù rẹ̀. Ó bá a sọ Òyìnbó, ó ní kó pẹ̀lẹ́. Ó béèrè bóyá bàbá náà dàgbà. Ning ní ó dàgbà. Ó béèrè bóyá òun ló tọ́ ọ. Ning nu ojú, ó ní bàbá náà ló tọ́ òun, tó sì sọ òun lórúkọ. Ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́. Ó ní kí wọ́n tó bí òun, ọkùnrin ni gbogbo ilé ń retí. Ìyá òun àgbà ti ń rán aṣọ ọkùnrin sílẹ̀. Bàbá náà ló kọ Nìíng sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì, ó ní orúkọ ọmọ nìyẹn, ohun yòówù tó bá jẹ́. Nígbà tí òun dàgbà ló sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Kò fẹ́ kí ọmọ kankan wáyé, kó wá bá a pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń dúró dè.

 Bàbá Fẹ́mi náà, lórí àìsàn tó padà pa á, ló ránṣẹ́ pé Ìtùnú ni kí á sọ ọmọ wa, kí a tó mọ ohun tí mo máa bí. Mo mọ̀ pé ohun tó ń rántí nìyẹn, nítorí ó gbé ojú kúrò lórí fóònù.

Ohùn Màmá dún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń béèrè ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Fẹ́mi sọ fún un. Màmá gba fóònù, ó wo ọmọkùnrin náà, ó ní kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. "Sọ fún un pé ó kú ọ̀fọ̀. Kí ẹ̀yìn bàbá dára. Ẹni tó bí irú ọmọ tó ń sunkún rẹ̀ báyìí, kò kú gbé." Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é. Ning tẹ orí rẹ̀ ba níwájú fóònù.

Fẹ́mi gba fóònù padà, ó jáde lọ sí fàráńdà. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn.

"Ọ̀la lo fẹ́ kó lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bó o bá fẹ́, lọ. Bó o bá fẹ́, dúró. Mi ò ní sọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta mọ́." Ó ti ń padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn dá jẹun lónìí."

Mo tan iná sábẹ́ ìkòkò rẹ̀.

Mi ò kó lọ. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ náà, nítorí ìfura kì í kú lọ́jọ́ kan. Fẹ́mi ṣì ń béèrè ilẹ̀kùn, ó ṣì ń béèrè ìró ẹsẹ̀, títí di ọjọ́ kan tó pè tó sì gbàgbé láti béèrè. Èmi náà gbàgbé àga tí mo ń gbé ti ilẹ̀kùn. Mummy Tóyìn kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nígbà tó yá, Ìtùnú ló ń kọ́kọ́ gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, yóò ní kí n gbé òun fún Uncle, kí òun wo ohun tí Uncle ń sè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Fẹ́mi àti Ìtùnú dé wá bá mi. Ning bá mi lọ sí Woolwich Arsenal Station nítorí ẹrù, ṣùgbọ́n bí a ti rí wọn tí wọ́n ń jáde, ó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Fẹ́mi dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó tú mi sílẹ̀, ó sì wo ọ̀kánkán ògiri náà lórí èjìká mi. Ó fi ẹrù sílẹ̀, ó ń lọ bá a. 

Kó tó débẹ̀, Ìtùnú sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Màmá ṣe kọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ pátápátá lórí òkúta títì.

"Uncle Nìíng, ẹ káàsán."

Ning wò mí. Kò sí àyè láti ṣàlàyé. Òun náà kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, ó kọjú sí ọmọ náà, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin sì ń yà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi, irú èyí tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá Ning mú láti gbé e dìde, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ rì bí àwọn òyìnbó.

Ìtùnú gbójú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. "Daddy," ó ní, "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é."